Oyún oṣù méje, ìyá mi ò sí mọ́: ta ni kí n pè, kí ni kí n ní kí wọ́n bá mi ṣe?

Aláboyún Apẹtẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Oyún mi wọ oṣù keje lọ́sẹ̀ yìí. Àkọ́bí ni. Ìyá mi ti dolóògbé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi nìkan sì lobìnrin tí wọ́n bí. Apẹtẹ la ń gbé. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ Jímọ̀ ló ń wọlé, ìdájí Mọ́ńdè ló ń jáde.

Ìyá ọkọ mi ń bẹ ní Òjé. Ẹlẹ́gbẹ́ àṣálàtù ni wọ́n, wọ́n fẹ́ kó gbogbo ẹgbẹ́ wá ṣe àdúrà fún mi ní Sọ́ńdè kan. Inú ìjọ CAC ni wọ́n bí èmi sí. Àwọn ìyá ìjọ ilé bàbá mi ní kí a jọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, àwọn á sì gbàdúrà sí omi fún mi. Àǹtí bàbá mi tó ń sin Yemọja náà ní oṣù yìí ò gbọdọ̀ parí kí n má tíì yọjú sí àwọn ní Pópó Yemọja. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Amẹ́ríkà tún wá fi okùn pupa ránṣẹ́ sí mi.

Mi ò kọ àdúrà ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé gbogbo wọn ló ń sọ ti ọjọ́ àdúrà, aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, oúnjẹ tí wọ́n máa sè. Kò tíì sí ẹni tó sọ ti ọjọ́ kẹta tí mo bá bímọ tán, tí àlejò ti lọ, tí ọkọ mi ti padà sí Èkó. Ta ló máa wẹ ọmọ? Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi kí n lè ráyè wẹ̀? Ojú ń tì mí láti bi ìyá ọkọ mi.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó

Ọmọ mi, wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi, wẹ́rẹ́ ni wàá sọ̀. Ojú wo ló ń tì ọ́? Gba gbogbo àdúrà. Ilé wo ló wà n'Ìbàdàn tí kò ní onímàle, onígbàgbọ́ àti olórìṣà nínú? Nílé tiwa, ẹni tó kírun fún mi, ẹni tó fi òróró pa mí níkùn àti ẹni tó se ẹ̀gbo, ìyá kan náà ló bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì, àṣálàtù ìyá ọkọ mi ló wá. Wọ́n ka Yáàsínì, wọ́n ṣe àsàlátù fún Ànábì, wọ́n wúre títí. Bí wọ́n ṣe ń múra àtijẹun, Ìyá Àdínì ní kí ẹnikẹ́ni má dìde. Ó fa ìwé ọmọléèwé kan yọ nínú báàgì, ó ní, "Àdúrà ti gbà. Ó ku ẹsẹ̀ tó máa fi rìn. Ta ló ń bọ̀ lọ́jọ́ wo?"

Ìwé náà ṣì ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́rú, Ìyá Aláta, ògì nínú fúláàsìkì. Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ẹlẹ́pà, aṣọ ìkókó ló máa fọ̀. Jímọ̀, Àlháàjà Kékeré, ó ń sùn mọ́jú. Ìyá Ẹlẹ́pà ò mọ̀wé, ó ní kí wọ́n ya ẹ̀pà méjì síbi orúkọ òun. Wọ́n yà á, ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Nítorí náà, gbé ìwé àti báírò síwájú wọn kí àmàlà tó dé. Tí àmàlà bá ti dé, ìpàdé ti túká nìyẹn.

Àbúrò Mọníyà

Okùn pupa kẹ̀? Àǹtí, ẹ sọ fún wa kí n tó lọ sùn o.

Aláboyún Apẹtẹ

Ẹ máa rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀rẹ́ mi yẹn ní lọ́hùn-ún, àwọn obìnrin nìkan ló máa ń pé jọ sọ́dọ̀ aboyún. Wọ́n á da ewé olóòórùn sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kálukú á mú ìlẹ̀kẹ̀ kan wá, wọ́n á sìn ín pọ̀, òun ni aboyún á máa dì mú nígbà ìrọbí. Wọ́n á wá fa okùn kan yí ọrùn ọwọ́ gbogbo wọn ká, wọ́n á gé e, kálukú á so tiẹ̀, wọn ò sì ní tú u títí tí ìyẹn fi máa bí.

Ó so tiẹ̀, ó ní kí n so tèmi. Mo so ó. Ìyá ọkọ mi tajú kán rí i, wọ́n ní ta ló so oǹdè mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston

Mo ti lọ sí méjì irú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní Blessingway, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ní àwọn tó ni ín: ayẹyẹ àwọn Navajo ni, àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń pe ara wọn ní Diné, kì í sì í ṣe ti aboyún nìkan lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti ráhùn pé àwọn èèyàn kàn gba orúkọ mọ́ àwọn lọ́wọ́ ni, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń pe tiwọn ní Mother Blessing báyìí.

Àbẹ́là wọn wù mí. Tí ìrọbí bá ti mú un, ẹnì kan á fi tó gbogbo wọn létí, kálukú á tan àbẹ́là nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo lọ kẹ́yìn, nígbà tí mo padà lọ kí ìyá ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun nìkan ni mo bá nílé. Àwo ìdọ̀tí kún ibi ìfọbọ́, àbẹ́là mẹ́sàn-án tò sórí tábìlì. Mo káṣọ sókè, mo fọ àwo.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Agbẹ̀bí ni mí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí n'Ìbàdàn yìí. Ìwé tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn, ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún mi.

Láti 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ní kí aboyún rí elétò ìlera ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó bímọ. Bí o bá ń lọ déédéé, ó ku ọ̀sẹ̀ ọgbọ̀n, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ìkẹrìndínlógójì, ìkejìdínlógójì àti ogójì. Kọ wọ́n sílẹ̀, kí o kọ orúkọ obìnrin kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tẹ̀ lé ọ ni, kì í ṣe kó pè ọ́ lórí fóònù. Aboyún tó bá dá wá máa ń gbàgbé ìdajì ohun tí a sọ fún un. Bèèrè oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú aboyún, oníhóró mẹ́ta tí a ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí o ti lò ó, oṣù kan á wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó di ìkúnlẹ̀.

Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta: jẹ́ kí àwọn ìyá ìjọ bá ọ gbà á. Ìwọ jẹun. Ọlọ́run mọ ẹni tí wọ́n ń gbà á fún. Omi àdúrà ò burú tó bá jẹ́ omi mímọ́, ìwọ ni kó o mu ún o, kì í ṣe ìkókó. Ọmú nìkan ni tiẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, láti orí wàrà rúsúrúsú tó kọ́kọ́ ń jáde, tí àwọn kan ṣì ń fún dànù.

Kí gbogbo ẹni tó bá máa wá sùn tì ọ́ mọ àwọn wọ̀nyí: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ojú tàbí ọwọ́ tó dédé wú, ẹ̀jẹ̀, ibà, omi tó já láìsí ìrọbí, ọmọ tí kò yí mọ́. Ọ̀kankan nínú wọn, sípítù ni, òru ni o, ọ̀sán ni o. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá ti dé 140/90, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kó lọ sinmi. Òun ló ń di gìrì aboyún, ó sì lè mú ìyá lẹ́yìn tó ti bímọ tán pàápàá.

Ọjọ́ kẹta tó ń bà ọ́ lẹ́rù yẹn, ọjọ́ àyẹ̀wò ni! Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìwọ àti ọmọ wò láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́, kí wọ́n tún yẹ yín wò lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Akọ̀wé Bódìjà

Orí fífọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn, ẹ má fi ṣeré. Ilé àgbẹ̀bí ìjọ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Ọwọ́ rẹ̀ wú débi pé òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ rì sínú ẹran ìka. Ó ní kí wọ́n pa iná, pé iná ń gún òun lójú. Wọ́n ní ogun ilé bàbá rẹ̀ ni, wọ́n ń kọrin lé e lórí. Ìgbà tí gìrì gbé e ni wọ́n tó wá ọkọ̀. A dúpẹ́, òun àti ọmọ yè é. Wọ́n fi ayùn kékeré rẹ́ òrùka yẹn ni. Ó ṣì ń lọ sí ìjọ náà o. Èmi ni mi ò lọ mọ́.

Agbẹ̀bí Aládùúrà

Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Ó dùn mí fún ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n gbogbo wa kọ́ la rí bẹ́ẹ̀. Agbẹ̀bí ìjọ lèmi náà. Ẹ̀rọ ìfúnpá wà lórí tábìlì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Aboyún tí kò bá ní káàdì sípítù, mi ò gbà á. Àkọ́bí, ìbejì, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, àdúrà nìkan ni mò ń ṣe fún wọn, mi ò gbẹ̀bí wọn. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹ̀mí tó bá ní kí o má gbé e lọ sí sípítù, bi í pé ta ló rán an.

Aláboyún, bí o bá ń lọ sọ́dọ̀ wọn, bèèrè pé mọ́tò wo ló máa gbé ọ tí nǹkan bá yí. Bí wọn ò bá rí ìdáhùn fún ọ, mu omi àdúrà, kí o máa lọ sílé.

Ìyá Olómi Tútù

Èmi náà ń sin Yemọja. Má bẹ̀rù àǹtí bàbá rẹ. Wọ́n á bi obì, wọ́n á bu omi inú ìkòkò Yèyé fi pa ọ́ lórí àti níkùn, wọ́n á kọrin, wọ́n á jó yí ọ ká. Ìyá tó dàgbà jù á pe orúkọ àwọn ìyá tó ti kọjá lọ. Ibẹ̀ ni kí o sọ fún wọn pé kí wọ́n pe orúkọ ìyá rẹ. Ìyẹn lohun tí mo fẹ́ kí o tìtorí ẹ̀ lọ. Àwọn yòókù á gbàdúrà fún ọ, ṣùgbọ́n n ò mọ ibi mìíràn tí wọ́n ti máa pe orúkọ obìnrin tó bí ọ sókè kí gbogbo èèyàn dáhùn.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí o lọ wẹ̀ lódò, sọ pé kí wọ́n bu omi wá sílé. Ògùnpa tó ya wọ ilé onílé ní 1980 yẹn, ìdọ̀tí Ìbàdàn ló ń kó lọ báyìí. Òrìṣà ò ní kí aboyún lọ gba àìsàn.

Bàbá Ìkókó

Ẹ forí jì mí, ọkùnrin ni mí, ìyàwó mi ló ní kí n wá kọ ọ́.

Ọjọ́ tí a lọ gba káàdì, wọ́n ní kí n wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, wọ́n ní tèmi ga, n ò lè fà. Mo ń làágùn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìyàwó mi gbọ́, mẹ́ta nínú wọn lọ. Wọ́n dá ọ̀kan padà torí pé ó ń fọ́mọ lọ́mú, wọ́n gba ti àwọn méjì yòókù. Ọjọ́ tó bí, wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ yẹn fún un. Nítorí náà, nínú ìwé yẹn, ẹ béèrè ẹni tó lè fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ Micra méjì tó ń gbé ládùúgbò, ọ̀kan ò tó. Ẹ bá wọn dúnàádúrà ṣáájú. Aago méjì òru ní Apẹtẹ, ẹ ò ní rí Micra tó ń kọjá lọ.

Ìyá Àgbà Bẹẹrẹ

(Ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́.) Wọ́n ní kí n sọ fún aboyún pé kó má bẹ̀rù ìwẹ̀ ọmọ. Jókòó sórí àpótí kúkurú, na ẹsẹ̀ méjèèjì, tẹ́ ọmọ sí ojúgun. Fi ìgúnpá tọ́ omi wò. Kànìnkànìn tó ti rọ̀ ni, kì í ṣe tuntun. Kọ́lọ́fín ọrùn ni kí o kọ́kọ́ fọ̀, ibẹ̀ ni wàrà máa ń sá pamọ́ sí, tó bá kan ó ń bó ọmọ lára. Òrí díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀. Kí o sì máa kì í. Mo wẹ ọmọ méje tèmi, n ò mọ iye ti àwọn ẹlòmíràn, n ò wẹ ọ̀kan rí láìkì í.

Láyé àtijọ́ a máa ń sọ wọ́n sókè kí wọ́n má baà ya ojo. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí a má ṣe é mọ́, mo ti fi sílẹ̀. Àgbo náà, gbogbo ọmọ mi ni mo rọ. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi kan, àgbo gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà lórí itan mi níhìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn n kì í fi nǹkan sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é, ọwọ́ yín le ju tèmi lọ.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ẹ ṣé, Màmá. Kí ọjọ́ kan kọjá kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́ rárá, ọmọ tuntun ò fẹ́ òtútù. Ìwọ́ rẹ̀, gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n ń tà fún ìwọ́ nìkan ni, kò gbọdọ̀ kan ojú ọmọ. Kò sí ọṣẹ ìfọyín níbẹ̀, kò sí omi gbígbóná.

Nǹkan kan tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kì í mọ̀: wọ́n á kó aṣọ ìkókó tó ti pẹ́ nínú àpótí wá fi ta ọ́ lọ́rẹ. Gbọ́ òórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn kánfọ̀, má fi wọ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, kì í gba kánfọ̀. Ó máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn ni, ojú á pọ́n rúsúrúsú, tó bá sì pọ̀ ó lè ba ọpọlọ jẹ́.

Àbúrò Mọníyà

Mo ti fẹ́ sùn, mo tún dìde. Ọjọ́ ìkómọ tèmi, kánópì kún, orin ń dún, wọ́n fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, gbogbo èèyàn ń kí mi "ẹ kú ọwọ́ lómi". Ẹ̀yìn táǹkì omi ni mo wà tí mò ń sunkún, n ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ choir wá pọnmi, ó rí mi. Kò bi mí ní ohunkóhun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú léèsì rẹ̀, ó gbé orí mi sí èjìká. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí n kò tíì lè sùn, tí mò ń rò pé ó sàn kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò pè é ní àbísínwín, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó ń mú ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ, ó sì ní ìtọ́jú.

Àǹtí, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan tó máa wá jókòó lásán.

Aláboyún Apẹtẹ

Ẹ kú àdúrótì. Mo ṣe é lánàá. Wọ́n jọ wá lọ́jọ́ kan náà ni, àṣálàtù pẹ̀lú aǹkọ́ wọn, àwọn ìyá ìjọ nínú funfun. Àwọn kan ka Fáátíà, àwọn kan ka Sáàmù, kò sẹ́ni tó bínú. Mo gbé ìwé kalẹ̀ kí àmàlà tó dé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ gba báírò. Wọ́n kọ ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ sí orúkọ ara wọn. Wọ́n ní àwọn ti ń dúró kí n béèrè, àwọn rò pé n kò fẹ́ àwọn nílé mi ni.

Mo lọ sí Pópó Yemọja náà. Wọ́n pe orúkọ màámi.

Aláboyún Apẹtẹ (ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn náà)

A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ o! Obìnrin ni. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì, ìyá ìjọ tó tẹ̀ lé mi lọ sí àyẹ̀wò ló wojú mi ní ìdíkọ̀, ó ní "ojú rẹ ti wú ju ti Sọ́ńdè lọ". Ìfúnpá mi jẹ́ 150/100. Wọn ò jẹ́ kí n padà sílé, wọ́n fún mi lóògùn tó mú ìrọbí wá. Awakọ̀ Micra kejì ló kó ẹrù mi wá, àkọ́kọ́ ò gbé fóònù.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ fi abẹ́rẹ́ omi sọ́rùn ọwọ́ mi, ó ní kí n tú okùn pupa. Ìyá ọkọ mi tú u, wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ ara wọn. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí. Ìwé náà kún títí di Ọjọ́rú tó ń bọ̀, Ọjọ́bọ̀ nìkan ni kò lẹ́nìkan.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó

Ẹ kú ewu! Kọ mí sí Ọjọ́bọ̀. Mò ń gbé ògì bọ̀, aṣọ ìkókó náà wà lọ́rùn mi. Fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, má gbé e síta níbí.